Ẹgbẹ́ márùn-ún, ipò mẹ́ta, GP ń já bọ́: bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe lè mọ ìwọ̀n ara ẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì ní Nàìjíríà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní 200 àti 300 level, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ o. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ dáa gan. Inú ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn ọgbà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé tó ṣeé kà, inú Rotaract àti JCI (ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìlú) ni àwọn míì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró sọ̀rọ̀ láwùjọ, inú fellowship tàbí MSSN (ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí) ni àwọn míì ti rí ẹni tó gbé wọn lọ sí clinic lóru tí ibà gbé wọn dè. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ọmọ tó ń ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó jẹ́ akọ̀wé ní department, ó ń kọrin ní kwáyà, ó jẹ́ honourable ní SRC (ilé aṣòfin akẹ́kọ̀ọ́), ó tún jẹ́ ambassador fún ilé iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tún ní ọjà tó ń tà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, gbogbo ọgbà ló mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti jókòó kẹ́yìn ti ìwé kan ṣoṣo fún wákàtí méjì gbáko.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń kó sí i. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn ni wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ lé lórí. Bó o bá kọ mínítì ìpàdé kan tó dáa, wọ́n á fi ẹ́ ṣe akọ̀wé, bó o bá ṣe akọ̀wé dáadáa, ẹgbẹ́ kejì á gbọ́, wọ́n á wá bẹ̀ ẹ́. Bó o bá wá ń dá gbogbo wọn lóhùn, kó tó di ọdún kejì, gbogbo ilẹ̀kùn ni wàá máa wọ̀, o ò ní lè jókòó nínú ìkankan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ka wákàtí ẹ kó o tó dáhùn

Mú bébà àti báírò. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀, ti ọmọ olówó ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ ní Nàìjíríà ni pé unit kan jẹ́ wákàtí lẹ́kíṣọ̀ 15 ní sẹ́mẹ́sítà, ìyẹn wákàtí kan lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ practical, wákàtí 45 ni unit kan, ìyẹn wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ibí yìí ni àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà máa ń gbàgbé, wọ́n á ní ṣebí unit 20 náà ni ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Arts ń ṣe, òun náà sì ń ṣe ẹgbẹ́ mẹ́rin. Wákàtí yín ò dọ́gba rárá.

Ká ní unit 20 lo forúkọ sílẹ̀ fún, 17 jẹ́ lẹ́kíṣọ̀, 3 jẹ́ practical. 17 pẹ̀lú 9, wákàtí 26 nìyẹn tó o máa wà ní kíláàsì àti láàbù. Oorun ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé ẹni ọdún 18 sí 25 nílò oorun wákàtí méje sí mẹ́sàn-án lóru kan, jẹ́ ká mú méje tó kéré jù, 49 lọ́sẹ̀. Ìwé kíkà, fi wákàtí méjì fún unit kan, 40. Ìwẹ̀, oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀, omi pípọn, ìrìn láti họ́sítẹ́ẹ̀lì dé kíláàsì, ká sọ pé wákàtí márùn-ún lójúmọ́, 35. Ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi tàbí Jímọ̀ àti ìrun, mẹ́rin. Ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, 154. Ó ku 14.

Inú 14 yẹn náà lo ti máa pe ìyá ẹ, tí wàá bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ṣeré, tí wàá gbá bọ́ọ̀lù, tí wàá ṣàìsàn, tí iná máa lọ lóru tó o fẹ́ kàwé. Fún ìdí yìí, ìmọ̀ràn mi ni pé kó o ya mẹ́rin sọ́tọ̀, má fọwọ́ kàn án. Mẹ́wàá ló kù. Wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ni gbogbo ohun tó o ní fún ẹgbẹ́, òṣèlú ọgbà, òwò àti gbogbo nǹkan tí kì í ṣe ti kíláàsì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá ń ṣiṣẹ́ láti fi san owó ilé ìwé ẹ, iṣẹ́ yẹn lo máa kọ́kọ́ yọ kúrò nínú mẹ́wàá yẹn o, nítorí kì í ṣe ohun tó o lè fi sílẹ̀ bó ṣe wù ẹ́.

Tó bá jẹ́ pé ìta lò ń gbé, tún un kà. Ẹni tó ń gbé Tanke ní Ìlọrin tó ń tò fún bọ́ọ̀sì láàárọ̀, ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí LASU ní Ọ̀jọ́, gosíloo nìkan ti jẹ mẹ́wàá yẹn tán. Kì í ṣe pé o ò já fáfá bíi tàwọn tó ń gbé inú ọgbà, ọ̀nà ló gba àkókò ẹ. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lásán ní ibì kan ti tó, kó má gba ipò.

Nǹkan míì tún wà tó máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́, ìyanṣẹ́lódì ni. Lọ́dún 2022, ASUU (ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì) wà nílé láti 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá, oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n bá padà dé, ilé ìwé á fẹ́ sáré, sẹ́mẹ́sítà tó yẹ kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 15 á súnkì, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ kì í dín ètò tiwọn kù, dinner wọn ṣì wà níbẹ̀, àpérò wọn ṣì wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ faculty náà wà níbẹ̀. Sẹ́mẹ́sítà tó bá tẹ̀ lé ìyanṣẹ́lódì, má gba ohunkóhun tuntun.

Ìgbésẹ̀ kejì: béèrè ohun tí ipò náà ń jẹ gan-an

Ẹni tó ń pè ẹ́ wá sípò á ní "iṣẹ́ díẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la máa ń pàdé". Kì í parọ́ o, ìpàdé nìkan ló kà. Jẹ́ ká wo akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ department. Ìpàdé exco (ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́), wákàtí méjì. Títẹ mínítì, méjì. Kíkọ lẹ́tà sí HOD (olórí department), gbígbé e lọ, dídúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì títí tí wọ́n á fi fọwọ́ sí i, méjì míì. WhatsApp ńkọ́? Gbogbo kíláàsì ló ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ akọ̀wé, ti 100 level ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa gba T-shirt, ti 400 level ń bínú nípa dues, tó bá jẹ́ wákàtí kan péré lójúmọ́, méje nìyẹn. Àpapọ̀ ẹ̀ 13. O sì rántí pé mẹ́wàá lo ní. Ipò kan ṣoṣo yìí ti kọjá agbára ẹ kó o tó gbọ́ ti kwáyà rárá.

Torí náà má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń pè ẹ́, lọ bá ẹni tó ń fi ipò yẹn sílẹ̀. Bá a jókòó, kì í ṣe lórí fóònù. Bi í pé: Ọ̀sẹ̀ wo ló le jù fún ẹ lọ́dún tó kọjá? Èló lo fi owó ara ẹ san tí wọn ò dá a padà? Báwo ni GP ẹ (ìpíndọ́gba èsì ẹ ní sẹ́mẹ́sítà) ṣe rí kó o tó wọlé àti lẹ́yìn tó o wọlé? Ìbéèrè kẹta yẹn máa ń le láti béèrè, ṣùgbọ́n òun ló ṣe pàtàkì jù, tẹ́ni náà bá sì fẹ́ràn ẹ, á sọ òótọ́ fún ẹ.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ ṣá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ipò ló ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀: data, ọkọ̀, aṣọ tí gbogbo exco máa wọ̀ sí dinner, levy àpérò ní ìpínlẹ̀ míì. Ọmọ tí ilé ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí lóṣooṣù, inú owó oúnjẹ yẹn ni gbogbo ẹ̀ ti máa jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: gbé kàlẹ́ńdà méjèèjì síra wọn

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, nítorí pé iye ẹgbẹ́ tí wọ́n wà kọ́ ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ, bí kò ṣe pé gbogbo ẹgbẹ́ máa ń le lásìkò kan náà, àsìkò yẹn náà sì ni ìwé ń le.

Ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta, ìgbà yẹn ni gbogbo ẹgbẹ́ ń wá èèyàn. Fellowship ń pín bisikí fún fresher, àwọn olóṣèlú ń bá èèyàn gbé ẹrù lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, Enactus àti AIESEC ń pe èèyàn sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, Google Developer Groups on Campus ń pe àwọn tó fẹ́ kọ́ code, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ìlú ẹ náà ti rí nọ́ḿbà ẹ. Lásìkò yẹn kò tíì sí tẹ́sìtì, lẹ́kíṣọ̀ míì ò tíì bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ẹ dilẹ̀, ó wá dà bíi pé bó ṣe máa rí títí lọ nìyẹn, lo bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ni fún gbogbo èèyàn. Gbogbo ìlérí tó o ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni wọ́n máa wá gbà á lọ́wọ́ ẹ, nígbà tí tẹ́sìtì mẹ́rin ti tò ní iwájú ẹ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkejìlá, àsìkò yẹn ni ọ̀sẹ̀ faculty, eré ìdárayá, àpérò, ìpolongo ìbò. Tó bá jẹ́ sẹ́mẹ́sítà kejì, fi dinner, ayẹyẹ àwọn tó ń jáde àti handover kún un.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, tẹ́sìtì àti assignment ló ń gbé 30 tàbí 40 nínú 100. Ká ní 30 ni, o lọ fún àpérò ní Àbújá, tẹ́sìtì kọjá lórí ẹ, olùkọ́ ò ṣe òmíràn fún ẹ. Òdo nínú 30. O ní láti gba 70 nínú 70 kó o tó rí A. Kódà tó bá jẹ́ pé o ṣe é ṣùgbọ́n o ò kàwé, o gba 12, 58 nínú 70 ni A tìẹ máa jẹ́. Ìdánwò ò tíì bẹ̀rẹ̀, o ti wà lẹ́yìn.

Attendance náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní ẹni tí kò bá wá sí kíláàsì tó ìdá 75 nínú 100 kò lè jókòó fún ìdánwò. Kọ́ọ̀sì tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15, kíláàsì 12 ni o gbọ́dọ̀ wà kó o tó kọjá ìlà yẹn, ìyẹn ni pé mẹ́ta péré lo lè pàdánù. Ìrìn àjò ẹgbẹ́ méjì àti ibà ọ̀sẹ̀ kan ti tán an.

Torí náà, kó o tó gba ipò kankan, gba kàlẹ́ńdà ilé ìwé, kọ ọ̀sẹ̀ tẹ́sìtì àti ìdánwò sí ẹ̀gbẹ́ kan, béèrè kàlẹ́ńdà ètò ẹgbẹ́ náà, kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Níbi tí méjèèjì bá ti pàdé fún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, má gba ipò yẹn. Tí ẹgbẹ́ náà ò bá tiẹ̀ ní kàlẹ́ńdà, tó jẹ́ pé "a máa ń pàdé nígbàkúgbà tó bá yẹ", sá fún ipò níbẹ̀, nítorí ìwọ ni wọ́n á máa pè nígbàkúgbà yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣe ìṣirò CGPA ẹ kó tó di pé o wọlé

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń sọ pé "màá gbé e sókè lọ́dún tó ń bọ̀". Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ó ṣeé ṣe. Ká ní o parí 200 level pẹ̀lú unit 80, CGPA ẹ, ìyẹn ìpíndọ́gba èsì gbogbo sẹ́mẹ́sítà tó o ti ṣe, sì jẹ́ 4.55. First class nìyẹn, nítorí láti 4.50 lọ sí 5.00 ni wọ́n ń kà á. Point tó o ti kó jọ (80 lọ́nà 4.55) jẹ́ 364. 300 level dé, wọ́n dìbò yàn ẹ́, o ṣe unit 20, GP sẹ́mẹ́sítà yẹn bọ́ sí 3.20, point 64. 364 pẹ̀lú 64 jẹ́ 428, pín in sí 100, CGPA ẹ ti di 4.28. Tó bá jẹ́ pé unit 160 lo máa ṣe kó o tó jáde, point 720 lo nílò láti dé 4.50, ó ku 292 nínú unit 60. Ìyẹn ni pé o gbọ́dọ̀ máa ní 4.87 ní sẹ́mẹ́sítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù, láì yẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Sẹ́mẹ́sítà kan péré la ṣì ń sọ o. Ipò sì máa ń gba ọdún kan gbáko. Ká ní sẹ́mẹ́sítà kejì náà jẹ́ 3.20, point ẹ di 492 nínú unit 120, CGPA 4.10, ohun tó kù tó o nílò jẹ́ 228 nínú unit 40, ìyẹn 5.70. Kò sí ẹni tó lè ní 5.70, 5.00 ni òpin. First class ti lọ nìyẹn, kò sí TDB (kíkàwé mọ́jú) tàbí ààwẹ̀ tó lè dá a padà. Fi nọ́ḿbà tìẹ sínú ìṣirò yìí. Ẹni tó wà ní 3.60 ló yẹ kó bẹ̀rù jù, nítorí 3.50 ni òpin 2:1 (second class upper) nísàlẹ̀, sẹ́mẹ́sítà kan ti lè gbé e bọ́ sí 2:2 (second class lower). Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gba graduate trainee ló ń béèrè 2:1, sìkọ́láṣíìpù Commonwealth fún máàsítà ní UK náà, 2:1 ni wọ́n ń béèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọlé fún ìṣègùn, nọ́ọ̀sì, fámásì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, 100 level yín kì í ṣe ọdún ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní GP tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó rékọjá sí 200 level, ẹni tí kò bá dé ibẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí department míì. Mo mọ bó ṣe ń dun òbí tó ti ń pe ọmọ ẹ̀ ní dókítà.

Àwọn kan á dá mi lóhùn pé ìrírí adarí ni àwọn onísìkọ́láṣíìpù ń wò, kì í ṣe GP nìkan. Òótọ́ ni, Chevening (sìkọ́láṣíìpù ìjọba UK) bí àpẹẹrẹ, wọ́n máa ń béèrè pé kó o kọ̀wé nípa bó o ṣe ṣe adarí. Ṣùgbọ́n ohun tó o ṣe àti ohun tó yí padà nítorí ẹ ni wàá kọ, kì í ṣe iye ipò. Ẹni tó da ilé ìkàwé department tó ti pa tì padà sípò ní nǹkan láti kọ ju ẹni tó jẹ́ PRO (alukoro) ní ibi mẹ́rin tó jẹ́ pé flyer nìkan ló ń firánṣẹ́. Wọ́n sì tún ń fẹ́ dìgírì tó lè mú ẹ wọ máàsítà ní UK, pẹ̀lú iṣẹ́ tó tó wákàtí 2,800, kò sí bó o ṣe lè fo èyí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: mú ọ̀kan

Òfin tí mo gbà gbọ́ ni pé kó o ní ipò kan, kó o tún jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lásán ní ibòmíì kan, ó parí. Báwo lo ṣe máa mú u? Bi ara ẹ pé tí ẹnikẹ́ni ò bá ní yìn ẹ́, tí wọn ò bá ní fi àwòrán ẹ sórí status, ṣé wàá ṣì ṣe é? Lẹ́yìn ìyẹn, wo èyí tó bá ibi tó ò ń lọ mu. Ọmọ Law tó fẹ́ jẹ́ agbẹjọ́rò, moot (ẹjọ́ ìdánrawò) dára fún un ju SRC lọ. Ọmọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ìròyìn, ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn ọgbà ni kó dúró sí, kó sì dúró ńbẹ̀ ọdún mẹ́ta, kó má sá kiri.

Ti ìsìn ló máa ń le jù láti sọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ Ọlọ́run. Tó bá jẹ́ pé fellowship tàbí MSSN ló ń mú ọkàn ẹ dúró, fi ṣe ẹyọ kan tó o mú, kó o wá fi àwọn tó kù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ náà, unit kan ni kó o wà. Ọmọ tó wà ní kwáyà, tó wà ní drama, tó tún wà ní prayer band, tó tún ń ṣe welfare, ẹgbẹ́ mẹ́rin ló wà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ òrùlé kan ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bó o ṣe máa sọ pé rárá

Àwọn ọmọ wa kì í lè sọ rárá fún ẹni tó jù wọ́n lọ, ẹ̀kọ́ ilé ni, kò burú. Àmọ́ èèyàn lè sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun tó burú ni "màá gbìyànjú" tàbí "ẹ jẹ́ kí n rò ó wò" nígbà tó o ti mọ̀ pé o ò ní lè ṣe é, nítorí wọ́n máa kọ orúkọ ẹ sílẹ̀. Sọ fún ààrẹ tàbí olùdarí ẹgbẹ́ pé:

"Ẹ ṣé gan sà, inú mi dùn pé ẹ rò mí mọ́ ọn. Mi ò ní lè gba ipò yẹn lọ́dún yìí, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi ti kún. Tẹ́ ẹ bá nílò ẹni tó máa ya flyer fún ọjọ́ ètò yẹn nìkan, ẹ ránṣẹ́ sí mi, màá ṣe é."

Ẹ wò ó, ó dúpẹ́, ó sọ rárá kedere, ó fún wọn ní nǹkan kékeré tó ní òpin. Má ṣàlàyé jù. Bó o bá to ìdí márùn-ún sílẹ̀, wọ́n á bá ẹ yanjú ìdí kọ̀ọ̀kan títí wàá fi gbà. Tí wọ́n bá ní wọ́n ti gbàdúrà, orúkọ ẹ ló jáde, dáhùn pé "Bọ̀dá, èmi náà ti gbàdúrà sí i, ọkàn mi ò gbé e, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi", kó o dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ tó ń du ipò ló fẹ́ kó o wá ṣe ọ̀gá ìpolongo, sọ fún un pé "Wàá rí ìbò mi, màá sì bá ẹ bá àwọn ọmọ kíláàsì wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè máa bá yín rìn káàkiri hall lóru". Ọ̀rẹ́ gidi á gbọ́ ẹ yé.

Ìgbésẹ̀ keje: tó o bá ti wà nínú ẹ̀, jáde dáadáa

Bó o ṣe máa mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù: o ò lè sùn láìsí pé o ń rántí nǹkan tó o gbàgbé, inú ń run ẹ torí pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lo ń jẹun àkọ́kọ́, energy drink lo fi ń dúró, o ń ka ojú ìwé kan nígbà mẹ́ta kò wọlé, o ń yẹra fún ọ̀rẹ́ torí gbogbo ẹni tó bá pè ẹ́ ló ń wá nǹkan. Ọpọlọ ń fi oorun to ohun tá a kà sí ààyè ẹ̀, ẹni tí kì í sùn ń kàwé dànù ni. Tí ìbànújẹ́ bá wá bá ẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ mọ́, lọ sí clinic ilé ìwé tàbí ọ̀dọ̀ counsellor, sọ fún wọn bó ṣe rí.

Láti fi ipò sílẹ̀, kọ lẹ́tà, má kàn jáde nínú group WhatsApp. Kọ ọjọ́ tó o máa parí iṣẹ́ sínú ẹ̀, fún wọn ní bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó o sì ṣe é kí àsìkò tẹ́sìtì tó dé. Kọ gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ sílẹ̀: ohun tó ti parí, ohun tó kù, nọ́ḿbà àwọn tó ń bá ẹgbẹ́ tajà, password email àti Instagram ẹgbẹ́. Tó bá jẹ́ ipò owó lo wà, ìyẹn treasurer tàbí financial secretary, fara balẹ̀ gan: kọ gbogbo owó tó wọlé àtèyí tó jáde, so rìsíìtì mọ́ ọn, kí ààrẹ àti staff adviser fọwọ́ sí i, ìwọ náà mú ẹ̀dà kan. Tí orúkọ ẹ bá wà lára àwọn tó ń fọwọ́ sí owó ní báǹkì, bá wọn lọ síbẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́, torí tí owó bá sọnù lẹ́yìn tó o lọ, ìwọ náà ni wọ́n máa pè.

Wọ́n lè bínú fún ìgbà díẹ̀. Ẹgbẹ́ á máa lọ, wọ́n á rí ẹlòmíì, bí wọ́n ṣe rí ẹ náà nìyẹn.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń kà á, tí ọmọ yín bá pè pé wọ́n ti yan òun sípò, ẹ bá a yọ̀, kẹ́ ẹ tó wá béèrè pé ipò mélòó ló ti wá wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, ìgbà wo ló ń sùn, kí ló fẹ́ fi sílẹ̀ láti rí àyè fún ti tuntun yìí. Ẹ má dúró de ìparí ọdún kẹ́ ẹ tó pariwo. Tó bá sì wá sọ fún yín pé òun fẹ́ fi ipò sílẹ̀, ẹ má pè é ní ẹni tí kì í parí nǹkan.

Tí GP bá ti já

Má sá fún level adviser ẹ (olùkọ́ tó ń bójú tó level yín), òun gan-an ni kó o kọ́kọ́ lọ bá. Mú result gbogbo sẹ́mẹ́sítà dání, mú ìṣirò tá a ṣe lókè yẹn, kó o sì ti mọ CGPA tó o lè dé tí gbogbo ohun tó kù bá jẹ́ A. Béèrè kọ́ọ̀sì tó o fi sílẹ̀ tó jẹ́ ìpìlẹ̀ fún òmíì, nítorí ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ló jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ọ, èyí tó o bá fìdí rẹmi nínú ẹ̀ ní sẹ́mẹ́sítà kìíní, ó di sẹ́mẹ́sítà kìíní ọdún tó ń bọ̀, tó bá sì jẹ́ pé ọdún tó yẹ kó o jáde lo wà, extra year nìyẹn. Béèrè iye unit tó o lè gbà, òfin ń gba láti 15 títí dé 24 ní sẹ́mẹ́sítà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé carry-over méjì (kọ́ọ̀sì tó ti fìdí rẹmi nínú ẹ̀) kò yẹ kó tún rọ́ 24 lé ara ẹ̀ lórí torí kó lè tètè jáde. Béèrè ọjọ́ tí add and drop (ìgbà tí èèyàn lè fi kọ́ọ̀sì kún un tàbí yọ ọ́ kúrò) máa parí. Tó bá jẹ́ àìsàn ló dá kún un, béèrè bí wọ́n ṣe ń tọrọ àyè láti fi sẹ́mẹ́sítà kan sílẹ̀, kó o sì mú ìwé clinic dání. Kọ gbogbo ohun tí adviser bá sọ sílẹ̀ kó o tó kúrò ní ọ́fíìsì ẹ̀, kà á sétí ẹ̀ padà, kó o sì bi í ọ̀sẹ̀ tó o lè tún padà wá kí ẹ jọ wo bí tẹ́sìtì ṣe lọ.